Ta ló tún ń ka ìwé ìdáná bí ẹni ń ka ìwé ìtàn?

Ọmọ Ìlódè

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì mọ̀ pé ibí ni mo ti lè rí ẹni bá mi dá sí i.

Olùkọ́ ni mí níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀. Lálẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, tí mo sì ti máàkì iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tán, ìwé ìdáná ni mo máa ń gbé lé àyà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ se nǹkan kan lọ́la o. Mo kàn ń kà á ni, láti ojú ewé kan dé èkejì, bí ẹlòmíràn ṣe ń ka ìwé ìtàn. Mẹ́sàn-án ni mo ní báyìí. Méje nínú wọn jẹ́ tòkunbọ̀, ọwọ́ àwọn tó ń to ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì ni mo ti rà wọ́n. Ọ̀kan ti já lẹ́yìn. Òmíràn ní àbàwọ́n òróró ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, mo sì fẹ́ràn àbàwọ́n náà, torí pé ojú ewé tó bá dọ̀tí jù ni mo fi ń mọ oúnjẹ tí onítọ̀hún fẹ́ràn jù.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìpetumodù. Wọ́n bá ìwé lórí ìrọ̀rí mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé oò mọ oúnjẹ sè ni?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n sè, mà. Wọ́n ní, "Kí lo wá ń kà nínú rẹ̀ lóru?" Wọn ò fi ṣe ìjà, tọkàntọkàn ni wọ́n fi ń bèèrè, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fún wọn títí wọ́n fi wọkọ̀ padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí n dán èsì náà wò níbí. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé mi dá lórí oúnjẹ Íńdíà. Mo kà níbẹ̀ pé wọ́n máa ń bó èèpo ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á sè é títí á fi yọ́ tán nínú omi. Dal ni wọ́n ń pè é. Mo dìde jókòó. Gbẹ̀gìrì nìyẹn! Àwọn èèyàn tí kò gbọ́ orúkọ Ọ̀yọ́ rí ń se gbẹ̀gìrì, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Mo wá ka ìyókù. Wọ́n ní tó bá ti jinná, kí a gbé òróró kaná lọ́tọ̀ nínú páànù kékeré, kí a da kúmínì, irúgbìn olóòórùn kan, àti ata gbígbẹ sí i, kó ta ṣàṣà, kí a wá dà á lé ẹ̀wà náà lórí kí a tó gbé e fún ará ilé.

Lọ́jọ́ Sátidé mo se gbẹ̀gìrì. Nígbà tó jinná, mo gbé epo pupa díẹ̀ kaná, mo gé àlùbọ́sà sí i, mo bu irú wooro àti ata gbígbẹ tí mo gún ní ìgúnkúgùn lé e, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Mo dà á lé ọbẹ̀ lórí, ó dún ṣàà. Ọkọ mi jáde láti yàrá wá bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í se gbẹ̀gìrì lọ́nà míràn mọ́.

Ká ní ìyá ọkọ mi tún bi mí lónìí, ohun tí mo máa sọ ni pé inú ilé onílé ni ìwé náà ń mú mi wọ̀, ẹ̀yìnkùlé ló sì ń gbé mi gbà, níbi tí ààrò wà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé èmi nìkan ni?

Òṣómàáló

Ẹ kú iṣẹ́ àǹtí wa. Ẹ ò dá wà rárá.

Iléṣà ni mo wà, aṣọ ni mo ń rán, mi ò tíì gbéyàwó. Ìwé ìdáná kan ṣoṣo ni mo ní, ẹ̀gbọ́n mi ló fi í sílẹ̀ nígbà tó ń kó lọ sí Èkó. Oúnjẹ àwọn ará Faransé ló wà nínú rẹ̀. Tí oníbàárà kò bá wá lọ́sàn-án, màá tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, màá máa kà á. Nǹkan tó kọ́kọ́ fà mí mọ́ra ni bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ: dà á, rò ó, bò ó, yí i padà, dúró. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi níṣẹ́ gan-an nìyẹn: wọ̀n ọ́n, gé e, ká a, lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń kọ̀wé báyẹn, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kó tó sọ ọ́.

Ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ pòtétò ni mo ti rí nǹkan mú. Wọ́n ní tí pòtétò bá ti jinná, kí a da omi rẹ̀ nù pátápátá, kí a tún gbé ìkòkò padà sórí iná tó rọra ń jó, kí omi tó kù lára rẹ̀ lè gbẹ kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi iṣu tuntun gúnyán rí, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Iṣu tuntun lómi jù. Iyán rẹ̀ máa ń rọ̀, kì í dúró lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà nílé wa fi máa ń ní kí a dúró de iṣu tó ti gbẹ.

Mo ra iṣu tuntun ní ọjà Atákúnmọ́sà. Mo sè é, mo da omi rẹ̀ nù tán, mo dé e, mo gbé e padà sórí iná kékeré fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo ń mi ìkòkò kó má baà jóná nísàlẹ̀. Mo wá gbé e sódó kó tó tutù. Ìyá mi fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní, "Níbo lo ti rí iṣu èṣí rà lásìkò yìí?" Mo ní iṣu tuntun ni. Wọn ò gbà mí gbọ́ títí mo fi lọ mú orí iṣu náà wá. Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi, wọn kì í ṣe ẹni tó ń yin iyán oníyán.

Ará Modákẹ́kẹ́

Mo ti jókòó síbí. Mò ń bọ̀ wá sọ tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ ná.

Ìyá Ìbejì Sábó

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó wà nínú mi ni mo fẹ́ sọ.

Mo ti ń ta oúnjẹ ní Sábó láti ìgbà tí àwọn ìbejì mi ti wà lẹ́yìn mi. Wọ́n ti wọ yunifásítì báyìí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, Yorùbá ni mo lè kà dáadáa. N kò tíì rí ọbẹ̀ tó ti inú ìwé jáde tó dùn.

Ìyàwó tuntun kan wá bá mi pé kí n kọ́ òun ní ọbẹ̀ ata. Ó mú ìwé lọ́wọ́. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀: tòmátò mẹ́fà, tàtàṣé mẹ́ta, rodo méjì, àlùbọ́sà kan. Mo bi í pé, tòmátò ìgbà wo? Tòmátò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nípọn lára, ó pọ́n dáadáa. Ti ìgbà òjò, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì máa ń kan. Mẹ́fà ti ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe mẹ́fà ti òjò. Rodo ńkọ́? Rodo méjì lè máà ta rárá, ọ̀kan ṣoṣo sì lè lé èèyàn kúrò nídìí àwo. Irú tí mo rà lánàá, wọ́n ti fi iyọ̀ sí i. Èyí tí mo rà lọ́jọ́ Ajé, kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀ rárá. Ìwé wo ló máa sọ fún un pé kó kọ́kọ́ tọ́ irú wò kó tó fọwọ́ kan iyọ̀?

Ìwé ò ní imú. Epo tó bá ti fẹ́ jóná, imú ni à ń fi í mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo jókòó sí nídìí ààrò tí mo fi mọ èyí tí mo mọ̀, wọn ò sì sọ iye kan fún mi rí. "Ó ti tó" ni wọ́n máa ń sọ. Ìgbà tí mo wo ojú ọbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ni èmi náà mọ ìgbà tó tó.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má kàwé o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka oúnjẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣé oúnjẹ náà ò ní jóná lórí iná?

Ọmọ Ìlódè

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Mi ò lè bá yín jiyàn lórí tòmátò, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ohun kan ni mo kàn fẹ́ fi kún un. Ìwé tó dára jù nínú èyí tí mo ní kì í kàn sọ pé "ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún". Ó máa ń sọ pé "títí tí òróró yóò fi yà sókè lójú ọbẹ̀". Ará Íńdíà ló kọ ọ́. Ohun tí ìyá mi máa ń sọ fún mi ní Ìlódè nìyẹn: "Jẹ́ kí epo yà kí o tó fi ẹran sí i." Ẹni tó kọ ìwé náà ti jókòó ti ìyá tirẹ̀ nídìí ààrò, ó sì gbé ojú ìyá rẹ̀ sínú ìwé. Òun ni mo ń wá kiri tí mo fi ń ra ìwé tòkunbọ̀. Àwọn ìwé tó jẹ́ iye lásán, mo ní méjì bẹ́ẹ̀, n kì í ṣí wọn.

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ kú ìjókòó o. Ilé-ìkàwé ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Nínú ètò ìtò ìwé tí wọ́n ń pè ní Dewey, 641.5 ni nọ́ńbà ìwé ìdáná. Nínú ti Library of Congress, ilé-ìkàwé ńlá ti Amẹ́ríkà, abẹ́ TX ni wọ́n wà. Ìwé tó bá ti abẹ́ nọ́ńbà yẹn jáde, tó bá padà dé, èèyàn lè gbóòórùn ilé tó ti lọ. Inú mi kì í bàjẹ́ sí i.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn gbè é lẹ́sẹ̀. Ìwọ̀n tí a rò pé ó ti wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tuntun ni. Nínú ìwé ìdáná àtijọ́ àwọn òyìnbó gan-an, "bù ú tó" àti "sè é títí yóò fi tó" ló kún ibẹ̀. Ọdún 1845 ni obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Eliza Acton, tẹ ìwé jáde tó to èròjà àti iye wọn lọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ ló sì fi í sí, lẹ́yìn tó bá ti ṣàlàyé tán. Isabella Beeton ló gbé e lọ sókè nínú ìwé tirẹ̀ lọ́dún 1861, bí a ṣe ń rí i títí dòní. Ọmọ ọdún 28 péré ni nígbà tó kú lọ́dún 1865. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1896 ni Fannie Farmer ti ìlú Boston sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri pé kí a fi ọ̀bẹ gé ohun tó gogo lórí ṣíbí àti ife kó tẹ́jú. Kó tó dìgbà yẹn, ṣíbí ìyáálé lè gogo, kí ti ìyàwó tẹ́, wọ́n á sì máa bá ara wọn jà lórí kéèkì.

Nítorí náà, "ó ti tó" tí ìyá yín ń sọ, kì í ṣe àìmọ̀ọ́kọ. Bí gbogbo ayé ṣe ń dáná nìyẹn.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ jù ni Abby Fisher. Ẹrú ni wọ́n bí i ní South Carolina ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí, òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí San Francisco, ó ń se èso àti ẹ̀fọ́ pamọ́ sínú ìgò tà, ó sì gba ẹ̀bùn lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin ìlú bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ìwé. Kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà, ọkọ rẹ̀ náà kò mọ̀ ọ́n. Ó sọ ọ́ gbangba níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ń sọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà jáde lọ́dún 1881. Mo ti kà á léraléra. Tí ẹ bá ń kà á, ẹ máa gbọ́ ohùn ẹni tó dúró nídìí iná tó ń sọ pé ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pọ̀ jù.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 1934 ni J. A. Mars àti E. M. Tooleyo gbé The Kudeti Book of Yoruba Cookery jáde, CMS Bookshop ní Èkó ló tẹ̀ ẹ́. Kúdẹtì náà ni ti Ìbàdàn, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì, David àti Anna Hinderer, tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí wọ́n dé lọ́dún 1853. Wọ́n ti tún ìwé náà tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹni tó bá sì ń wá èyí tó jẹ́ kíkà pọ́nńbélé, tí kò ní kánjú gbé ìkòkò kaná, kó wá Longthroat Memoirs tí Yemisí Aríbisálà kọ, 2016 ló jáde. Obìnrin yẹn lè jókòó ti ọbẹ̀ kan ṣoṣo fún ojú ewé púpọ̀, kó má sì sú èèyàn.

Ará Modákẹ́kẹ́

Mo ti dé. Ọbẹ̀ ti délẹ̀.

Èmi kì í dá nìkan kà á. Màmá mi ni mo ń kà á fún. Wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ mi látìgbà tí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tí dókítà ní kí wọ́n jẹ kéré, ìwọ̀nba ni, wọ́n sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn oúnjẹ púpọ̀ láyé wọn. Tí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, mo máa ń mú ìwé, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wọn bí mo ṣe ń kà á. Ojú wọn máa ń là.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ Bahia ní Brazil, pé àwọn obìnrin aláṣọ funfun máa ń jókòó sígboro, wọ́n ń lọ ẹ̀wà, wọ́n ń din ín, acarajé ni orúkọ rẹ̀, wọ́n á là á ní àárín, wọ́n á ki edé sí i. Ọdún 2005 ni ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin náà sílẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Màmá mi ní, "Pe orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i." Mo pè é. Wọ́n ní, "Àkàrà jẹ. Àwọn ọmọ wa nìyẹn." Wọ́n bèèrè ohun tí wọ́n fi ń din ín. Mo ní epo pupa ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Epo pupa náà la fi ń din ín nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí òróró tó pọ̀ lọ́jà. Àwọn ò tíì yí i padà."

Mo ti kàwé ní yunifásítì o, kò sí olùkọ́ tó fi ìtàn òwò ẹrú yé mi tó bí ìyá mi ṣe fi yé mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àbíkẹ́yìn

Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ni mò ń kọ́. Orí fóònù ni mo ti ń ka tèmi. Àwọn alẹ́ kan wà tó jẹ́ pé gàrí nìkan ló wà nínú yàrá mi, màá rẹ ẹ́, màá máa mu ún, màá máa ka bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì. Mi ò ní ààrò ìyan-búrẹ́dì, mi ò mọ ìgbà tí màá ní i. Ó ṣì ń dùn mọ́ mi.

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ nìyí: ìwé náà sọ̀rọ̀ gígùn lórí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò tí wọ́n fi sílẹ̀ kó kan fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń bù nínú ti àná sí ti òní, ọdún dé ọdún. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ohun ọ̀sìn ló ṣe ń sọ ọ́. Mo rántí ìyá àgbà mi tó máa ń da omi ògì àná díẹ̀ sí ti tuntun kó lè tètè kan. Iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ̀yà kòkòrò tó jọra wà nínú àwọn méjèèjì, àwọn tó ń sọ nǹkan di kíkan. Irú tí a fi ń se ọbẹ̀ ló yàtọ̀: kòkòrò Bacillus subtilis ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í sọ ọ́ di kíkan, èròjà inú èso igi igbá ló ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ títí adùn rẹ̀ á fi jáde. Mo ti ka èyí nínú ìwé ẹ̀kọ́ mi kí n tó ṣèdánwò, ṣùgbọ́n ìwé búrẹ́dì ló jẹ́ kí n rí i pé ìyá àgbà mi ń ṣe iṣẹ́ ìjìnlẹ̀ nínú ìkòkò amọ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà. Bàbá ti sọ ti obìnrin tó ń sọ ọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́. Sábó kò jìnnà sí mi. Ṣé mo lè wá jókòó tì yín lọ́jọ́ kan, kí ẹ máa sọ, kí n máa kọ? N kò ní dí yín lọ́wọ́. Màá fọ abọ́.

Ìyá Ìbejì Sábó

Láti àná ni mo ti ń ro ti obìnrin yẹn. Ẹrú ni wọ́n bí i, kò mọ̀wé, ó sì rí ẹni gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi kò rí ẹni bẹ́ẹ̀.

Máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ mi. Mọ́ínmọ́ín ni mo máa ń sè. Kí o dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Má mú ife ìwọ̀n wá, kóńgò mi la máa lò.

Òṣómàáló

Ọ̀lẹ̀ làwa ń pè é nílé tiwa. Àbíkẹ́yìn, jọ̀wọ́ bá mi wo ìgbà tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí i. Tèmi kì í dì dáadáa.

Àbíkẹ́yìn

Mo ti dé láti Sábó. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn ewé. Ohun tí mo kọ nìyí, bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, àfi ibi tí mo ti fi ohun tí ojú mi rí kún un.

Kóńgò ẹ̀wà méjì. "Má jẹ̀ẹ́ kó mumi yó kí o tó bó o, èèyàn á máa fi ọwọ́ wá èèpo kiri." Wọ́n rẹ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ra á, wọ́n ṣàn án títí gbogbo èèpo fi lọ. Lẹ́yìn bíbó ni wọ́n wá jẹ́ kó rẹ dáadáa. Tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà lọ mọ́ ọn nílé ẹ̀rọ. "Sọ fún ọlọ́lọ̀ kó fọ ẹ̀rọ, kó má jẹ́ pé lẹ́yìn ẹni tó lọ ata ẹlẹ́ran ló kàn ẹ́."

Wọ́n da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń rò ó sí apá kan ṣoṣo. Mo bèèrè iye omi. Wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n bù ú sókè, wọ́n jẹ́ kó ṣàn padà. "Wò ó. Kò já, kò sì tẹ̀lé ara wọn bí omi. Ó ti tó." Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un ṣe. Ìgbà kẹta ni mo rí i. Òróró, edé lílọ̀, ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, ẹyin sísè tí wọ́n gé. Iyọ̀ ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nígbà tí ewé ti wà lọ́wọ́. Òṣómàáló, wọ́n ní omi tó pọ̀ ni kò jẹ́ kí tìrẹ dì, kì í ṣe iyọ̀.

Ewé eéran méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú ewé kan gun èkejì lórí, kí a yí i bí àrọ, kí a ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn. Èyí ni mi ò lè kọ sílẹ̀ dáadáa. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí mo pọ́n ló jò. Igi ewé náà wọn ò dà á nù, wọ́n tò ó sísàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n ya ewé tó ti fàya lé e, kí mọ́ínmọ́ín má baà jókòó sínú omi. Àwọn ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dì díẹ̀ kí a tó to ti òkè lé wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á tẹ̀ wọ́n fọ́. Omi tí a bá fẹ́ fi kún un, kó má tutù.

Lẹ́yìn tí wọ́n tò ó tán, wọn ò ṣí ìkòkò láti wo omi rárá. Mo bèèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé omi fẹ́ gbẹ. Wọ́n ní kí n gbọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ wọ́n ní, "Gbọ́ ọ báyìí." Òótọ́ ni: nígbà tí omi pọ̀, ohùn ìkòkò wúwo, bó ṣe ń gbẹ, ohùn náà ń fẹ́lẹ́ sí i, ó sì ń yára. Mi ò tíì ka ìyẹn nínú ìwé kankan.

84 ló jáde. Wọ́n tà á tán kí aago mẹ́wàá tó lù. Mo jẹ mẹ́rin, mo sì fọ abọ́ bí mo ṣe ṣèlérí.

Ìyá Ìbejì Sábó

Mo ti kà á, ọmọ mi. O gbìyànjú gan-an ni. Ibi kan lo ti ṣì í. O kọ "omi gbígbóná". Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kó jẹ́ pé o lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Èyí tó bá gbóná á sè é nínú abọ́ kó tó dénú ewé. Tún un kọ kí ẹlòmíràn má baà ba ẹ̀wà rẹ̀ jẹ́.

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé

Ohùn ìkòkò yẹn. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọmọ Ìlódè

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti kà á lálẹ́ àná. Mo pe ìyá ọkọ mi láàárọ̀ yìí, mo kà á fún wọn lórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọn ò dá mi dúró àfi ibì kan. Wọ́n ní, "Ẹyin? Ta ló ń fi ẹyin sí mọ́ínmọ́ín?" Wọ́n ní nílé tiwọn, ẹja nìkan ni, àti pé epo pupa ni wọ́n ń fi sí i, kì í ṣe òróró. Wọ́n ní kí n bèèrè lọ́wọ́ olóúnjẹ náà.

Ìyá Ìbejì Sábó

Ẹ bá mi kí wọn gan-an. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹyin wà fún oníbàárà tó bá sanwó ẹyin. Èyí tí mo ń sè fún ilé mi, epo pupa ni, kò sì sí ẹyin nínú rẹ̀. Àbíkẹ́yìn, kọ ìyẹn náà sí i.